Owó iná tí káńsù bá rí fi pamọ́, ta ló ni ín?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n Ẹnjiníà, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ Ọ̀fà ni mí, ẹ̀ka ètò ni mo wà ní ọ̀kan nínú káńsù mẹ́fà tó wà ní FCT, ìyẹn agbègbè Abuja. Ẹ̀ka wa kọ àbá kan: ká pààrọ̀ gílóòbù inú sẹkitéríàtì, ká gbé sólà sórí ilé ìwòsàn wọ́ọ̀dù, ká sì fi iná sólà sí ojú ọ̀nà ọjà. Alága yìn ín, ó fọwọ́ sí i. Ìwé náà ṣì wà nínú fáìlì títí di òní. Àwọn kan ní owó ni kò sí, àwọn mìíràn ní òfin kò fún káńsù lágbára lórí iná. Kí ló ń dí wa lọ́wọ́ gan-an? Ṣé ká kúkú kọ̀wé sí àwọn òyìnbó tó ń fi owó ìyípadà ojú ọjọ́ ran àwọn ìlú lọ́wọ́?

Ìdáhùn: Àbúrò, o kú iṣẹ́. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ òfin kúrò nílẹ̀, torí abẹ́ rẹ̀ ni àwọn ọ̀gá máa ń sá sí nígbà tí wọn kò bá fẹ́ ṣe nǹkan. Àfikún Kẹrin nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti 1999 ka iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ sílẹ̀: ọjà, ibùdókọ̀, odò ẹran, ojú pópó àti iná tó ń tàn án, gọ́tà, kíkó ìdọ̀tí. Iná ojú pópó wà níbẹ̀ kedere. Ní ti sólà, ẹni tó bá ń pèsè iná fún ìlò ara rẹ̀ kò nílò ìwé àṣẹ NERC, àjọ tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ iná, àyàfi bí ó bá ju mẹ́gáwáàtì kan lọ, sólà ilé ìwòsàn wọ́ọ̀dù kì í sì í sábà tó ìdá kan nínú àádọ́ta ìyẹn. Òótọ́ ni pé Òfin Iná ti oṣù kẹfà 2023 gbé agbára lé àwọn ìpínlẹ̀ lọ́wọ́, Kogí tó múlé gbè wá sì ti gba àkóso ọjà iná tirẹ̀, nígbà tí FCT, tí kì í ṣe ìpínlẹ̀, ṣì wà lábẹ́ NERC. Ẹni tó fẹ́ ta iná fún aládùúgbò ni ìyẹn kàn. Kò kan ẹni tó fẹ́ pààrọ̀ gílóòbù inú ọ́fíìsì ara rẹ̀.

Òfin Ìyípadà Ojú Ọjọ́ tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kọkànlá 2021 ńkọ́? Ó ní kí àwọn ministry àti àjọ ìjọba ní dẹ́sìkì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́, kí ilé iṣẹ́ aládàáni tó ní òṣìṣẹ́ 50 sókè náà yan ẹni tí yóò máa bójú tó o. Ó dára lórí ìwé. Ṣùgbọ́n tábìlì àti àga kò lè pààrọ̀ gílóòbù bí kò bá sí owó tó tẹ̀ lé wọn.

Ó wá ku owó. Òótọ́ wà nínú ìyẹn náà. Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ dájọ́ ní ọjọ́ 11 oṣù keje 2024 pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sí ọwọ́ wọn tààrà, ọ̀pọ̀ èèyàn sì rò pé ọ̀nà ti là nìyẹn. Ìwọ tó wà nínú káńsù mọ̀ pé owó oṣù, owó ìfẹ̀yìntì àti ti olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ bu tirẹ̀. Ní 2025, ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba ní FCT wà ní títì fún oṣù púpọ̀ torí owó oṣù 70,000 náírà tí àwọn olùkọ́ ń béèrè lọ́wọ́ àwọn káńsù. Nínú irú ọdún bẹ́ẹ̀, alága wo ni yóò dìde nínú ìpàdé pé gílóòbù lòun fẹ́ rà?

Síbẹ̀ mi ò gbà pé àìsówó ni olórí ìṣòro. Wo ìṣirò yìí. Ká ní ọ̀pá fúlọ́rẹ́sẹ́ǹtì 200 ló wà nínú sẹkitéríàtì yín, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń jẹ wáàtì 40, tí ẹ wá fi LED oníwáàtì 18 rọ́pò wọn. Wáàtì 22 ni ẹ dá dúró lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kílówáàtì 4.4 lápapọ̀. Bí iná bá ń tàn fún wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́, ọjọ́ 22 lóṣù, yúníìtì (kílówáàtì kan fún wákàtí kan) 774 nìyẹn lóṣù kan. Bí ẹ bá wà ní Band A, ìpele àwọn tó ń rí iná jù lójúmọ́, tí NERC gbé owó yúníìtì rẹ̀ sókè láti nǹkan bí 68 sí 225 náírà ní oṣù kẹrin 2024, kó tó wá rọlẹ̀ sí bíi 209, ẹ ó máa rí nǹkan bí 162,000 náírà fi pamọ́ lóṣooṣù. Lọ béèrè iye LED ní ọjà Dei-Dei. Bí gbogbo ìnáwó náà bá jẹ́ mílíọ̀nù kan, oṣù mẹ́fà àti díẹ̀ ni yóò fi san ara rẹ̀ padà.

Bí ẹ kò bá sí ní Band A, tí yúníìtì kan wà ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta iye yẹn, ó lè gbà tó ọdún kan ààbọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tí kò sí ní Band A ló ń tan jẹnẹrétọ̀ jù, lítà dísẹ́ẹ̀lì kan kì í sì í mú ju bíi yúníìtì mẹ́ta wá. Bí lítà bá wà ní 1,000 náírà, yúníìtì kan ti lé ní 330 náírà kí a tó ka ọ́ìlì àti àtúnṣe ẹ̀rọ. Kódà pẹ̀lú èlé tí Báńkì Àpapọ̀ gbé dé 27.5 nínú ọgọ́rùn-ún ní oṣù kọkànlá 2024, tí èyí tí báńkì ń gbà lọ́wọ́ aráàlú sì ga jù bẹ́ẹ̀, ẹni tó yáwó ra gílóòbù yìí ṣì máa jèrè.

Kí ló dé tí a kò fi rí i ṣe? Torí pé 162,000 náírà yẹn kò ní ẹni tó ni ín.

Ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi dá lé. Ẹ̀ka iṣẹ́ ni yóò ra gílóòbù, láti inú owó iṣẹ́ àkànṣe. Akápò ló ń san owó iná, láti inú owó ìnáwó ojoojúmọ́. Ẹ̀ka ètò, ìyẹn ẹ̀yin, lẹ kọ àbá. Bí owó iná bá wálẹ̀, ẹ̀ka iṣẹ́ kò rí kọ́bọ̀ níbẹ̀, ẹ̀yin náà kò rí nǹkan kan. Nígbà tí bójẹ́ẹ̀tì ọdún tó ń bọ̀ bá dé, wọ́n á ní owó iná ọdún tó kọjá kò tó ti tẹ́lẹ̀, wọ́n á gé e kù. Ẹni tó ṣọ́ iná lò, bójẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ni wọ́n gé. Ẹni tó jẹ́ kí ẹ́síì máa ṣiṣẹ́ mọ́jú kò pàdánù ohunkóhun.

Ọ̀kan tún wà tí wọn kì í kọ sínú ìròyìn. Bí a bá ní ká bẹ́ igi, a ó bẹ́ èèyàn, ṣùgbọ́n o béèrè ohun tó ń dí yín lọ́wọ́ gan-an. Owó dísẹ́ẹ̀lì ní ilé ìjọba kì í ṣe owó iná nìkan. Ẹni tó ń kó dísẹ́ẹ̀lì wá ń jẹ níbẹ̀, ẹni tó ń kọ iye lítà sílẹ̀ ń jẹ níbẹ̀, nígbà mìíràn dírẹ́bà tó ń gbé dúrọ́ọ̀mù náà kì í lọ lọ́wọ́ òfo. Sólà kì í ṣeé yọ lítà mẹ́wàá nínú rẹ̀. Nítorí náà, má retí pé gbogbo ẹni tó rẹ́rìn-ín sí àbá yín nínú ìpàdé ló fẹ́ kó ṣẹ. Mi ò sọ pé olè ni gbogbo wọn o. Mo ń sọ pé àbá tí kò ṣètò ohun tí àwọn wọ̀nyí yóò pàdánù, inú fáìlì náà ni yóò máa gbé.

Èyí tó tẹ̀ lé e ni mítà. Ọ̀pọ̀ ilé ìjọba ṣì ń gba bíìlì tí wọ́n kàn fojú dá. Bí bíìlì bá jẹ́ iye kan náà lóṣooṣù yálà ẹ tan iná tàbí ẹ pa á, kí ni ẹ fẹ́ fi hàn pé ẹ rí fi pamọ́? Gaàrí ni ẹ ń tà láìní kóńgò. Olùyánilówó èyíkéyìí tó bá ní làákàyè, ìwé ìwọ̀n iná oṣù méjìlá sẹ́yìn ni yóò kọ́kọ́ béèrè, ọ̀pọ̀ káńsù kò sì ní ti oṣù kan ṣoṣo.

Ọ̀nà kan wà tí àwọn ìlú mìíràn láyé ń gbà yọ nínú àìsówó: ilé iṣẹ́ aládàáni á fi owó ara rẹ̀ pààrọ̀ gílóòbù àti ẹ́síì, ìlú á wá máa san án padà díẹ̀díẹ̀ láti inú owó iná tó wálẹ̀. Ìlú kò ní yọ owó kankan lápò ní ìbẹ̀rẹ̀. Kí ló dé tí ìyẹn kò fi gbilẹ̀ níbí? Ní oṣù kejì 2024, AEDC tó ń pín iná fún FCT, Kogí, Nasarawa àti Niger gbé e sínú ìwé ìròyìn pé àjọ ìjọba 86 jẹ òun ní gbèsè tó lé ní bílíọ̀nù 47 náírà. Ilé Ààrẹ ní Aso Rock wà nínú wọn. Wọ́n ní gbèsè Ilé Ààrẹ lé ní 923 mílíọ̀nù, wọ́n jọ tún un ṣírò, ó di 342 mílíọ̀nù, Ààrẹ Tinubu sì pàṣẹ pé kí wọ́n san án. Fi ara rẹ sípò oníṣòwò tó ka ìròyìn yẹn. Ẹni tí kò san owó iná tí wọ́n lè gé mọ́ ọn lórí, ṣé yóò san owó gílóòbù tí ẹnikẹ́ni kò lè wá tú? Wo bí iye yẹn ṣe yí padà náà, láti 923 sí 342. AEDC àti Ilé Ààrẹ kò ní àkọsílẹ̀ tó dọ́gba, ìyẹn sì jẹ́ ní ilé tó ga jù lọ ní orílẹ̀-èdè. Ọdún kan lẹ́yìn náà, bílíọ̀nù 10 náírà wọ inú bójẹ́ẹ̀tì 2025 fún sólà Ilé Ààrẹ. Àwọn náà ti rí i pé ìṣirò sólà mọ́gbọ́n wá. Káńsù yín ni kò ní bílíọ̀nù 10.

Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ kí oníṣòwò bá yín ṣe é, ohun tí yóò fún un ní ìfọ̀kànbalẹ̀ ni kí ẹ wá. Ó lè jẹ́ àpò ọ̀tọ̀ ní báńkì tí owó iná ń gbà kọjá, tí ẹni kan ṣoṣo kò lè fọwọ́ sí kó jáde. Ó lè jẹ́ àṣẹ pé kí wọ́n máa yọ owó náà láti orísun kí ìpín yín tó dé ọ̀dọ̀ yín, irú èyí tí àwọn ìpínlẹ̀ fi ń yáwó tí wọ́n ń pè ní ISPO. Èmi fẹ́ràn ti àkọ́kọ́ jù. ISPO ń so ọwọ́ alága tó ń bọ̀ mọ́lẹ̀, òun náà yóò sì bínú sí iṣẹ́ tí ẹni tó kúrò fi dè é.

Ọ̀rọ̀ agbaṣẹ́ṣe kò gba àkókò púpọ̀. Òfin ìgbéṣẹ́ fún agbaṣẹ́ṣe ti 2007 ní ẹni tí owó rẹ̀ kéré jù nínú àwọn tó kún ojú òṣùwọ̀n ni kí a gbé iṣẹ́ fún. Àwọn kan gbọ́ “owó kéré jù”, wọn kò gbọ́ “kún ojú òṣùwọ̀n”. Ìwọ ni kó o kọ òṣùwọ̀n náà dáadáa: ẹ̀rí ọdún mélòó lórí gílóòbù, irú bátìrì wo, ta ni yóò wá tún un ṣe láàárín ọjọ́ mélòó. Ohun tí o kò bá kọ sínú òṣùwọ̀n, àjẹmọ́nú agbaṣẹ́ṣe ni.

Ibi tí mo fẹ́ kí o dúró sí pẹ́ díẹ̀ ni ìtọ́jú, torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ sólà ti ń kú lọ́dọ̀ wa ní apá òkè ọya yìí. Ooru ibí kò ṣe é fi ṣeré. Bátìrì tí omi ásíìdì wà nínú rẹ̀, ìwọ̀n ooru 25 ni wọ́n fi ṣírò ọjọ́ ayé rẹ̀, bí ooru bá sì fi ìwọ̀n mẹ́wàá ju ìyẹn lọ, ìdajì ọjọ́ ayé náà ló ń lọ. Ní oṣù kẹta àti ìkẹrin, inú àpótí irin lórí òpó ní Gwagwalada tàbí Katsina ju 35 lọ dáadáa. Ọyẹ́ á wá dé, eruku á bo páńẹ́ẹ̀lì, kò sẹ́ni tí wọ́n ní kó nù ún. Iná òpó tó ń tàn mọ́jú ní oṣù àkọ́kọ́ á máa kú ní aago mẹ́wàá alẹ́, lẹ́yìn náà aago mẹ́jọ. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń bàjẹ́, a ní ó ń pọ́n. Níkẹyìn àwọn tó ń rà tí wọ́n sì ń jí irin, àwọn tí a ń pè ní “baban bola”, á gun òpó náà, wọ́n á gbé bátìrì lọ. Wọ́n ń gbé ìdérí ihò gọ́tà ní àárín Abuja, ṣé bátìrì ni wọn kò ní gbé?

Fi èyí wé fíríìjì abẹ́rẹ́ àjẹsára tí wọ́n gbé sí ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn wọ́ọ̀dù, èyí tí sólà ń gbé ṣiṣẹ́ tààrà láìsí bátìrì. Yìnyín tó ń dì nínú rẹ̀ lọ́sàn-án ló ń jẹ́ kí abẹ́rẹ́ wà láàárín ìwọ̀n 2 sí 8 títí ilẹ̀ fi mọ́. Kò sí bátìrì tí ooru yóò pa, kò sí bátìrì tí ẹnikẹ́ni yóò jí. Nọ́ọ̀sì tó ń lò ó mọ̀ pé bí ó bá kú, òun ni wọn yóò bi léèrè. Èmi ka fíríìjì yẹn sí iṣẹ́ sólà tó gbọ́n jù lọ ní gbogbo ìgbèríko wa, kò sì sẹ́ni tó wá gé ríbọ́ọ̀nù níwájú rẹ̀.

Apá àríwá yìí ní àpẹẹrẹ méjì tí mo máa ń fi han àwọn tó ń béèrè irú ìbéèrè rẹ. Ní Lambar Rimi, ní ìpínlẹ̀ Katsina, ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ 37 ni wọ́n gbé kalẹ̀ láti mú mẹ́gáwáàtì 10 wá. Àsìkò tí Yar'Adua jẹ́ gómìnà ni wọ́n ti dá a lábàá, ó bọ́ sọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀, wọ́n jí ẹnjiníà Faransé kan tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ gbé ní oṣù kejìlá 2012, iṣẹ́ náà sì falẹ̀ kọjá ọdún mẹ́wàá. Ní Challawa, ní Kumbotso lẹ́bàá Kano, wọ́n ṣí sólà mẹ́gáwáàtì 10 ní oṣù kìíní 2023. Iye iná kan náà. Àìsí ààbò kópa nínú ti Katsina, mi ò ní pa ìyẹn mọ́. Àmọ́ ní Challawa, ilé iṣẹ́ kan ni wọ́n dá sílẹ̀ fún un, àjọ NSIA, tó ń fi owó ìjọba àpapọ̀ dókòwò, fi owó sí i, ìjọba ìpínlẹ̀ Kano àti ìjọba ìbílẹ̀ Kumbotso sì jọ ní ìpín nínú rẹ̀. Àwọn ará ibẹ̀ mọ ẹni tí ń jẹ èrè, wọ́n mọ ẹni tí àdánù yóò dùn. Ìjọba ìbílẹ̀ ni Kumbotso, àbúrò, bí tiyín.

Ní ti ilé gíláàsì tí wọ́n ń kọ́ káàkiri Jabi àti Central Area, tí oòrùn ń yan àwọn tó wà nínú rẹ̀ títí wọ́n á fi tan ẹ́síì mẹ́ta nínú yàrá kan, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. Orílẹ̀-èdè yìí ti ní ìlànà ìṣọ́ iná lò fún ilé kíkọ́ láti 2017. Bí káńsù yín bá máa kọ́ gbọ̀ngàn tuntun, ẹ jẹ́ kí ẹni tó ya àwòrán rẹ̀ kà á.

Wàyí o, owó òyìnbó. Green Climate Fund, àpò owó àgbáyé fún ọ̀rọ̀ ìyípadà ojú ọjọ́, kì í gba ìwé lọ́wọ́ káńsù. Ó gbọ́dọ̀ gba ọwọ́ àjọ tí wọ́n ti fọwọ́ sí, kí ìjọba àpapọ̀ sì sọ pé òun kò lòdì sí i. Iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní kékeré jù lọ níbẹ̀ lè tó mílíọ̀nù mẹ́wàá dọ́là. Gílóòbù 200 yín kò ní hàn lójú wọn. ACReSAL, tí Báńkì Àgbáyé fi 700 mílíọ̀nù dọ́là sí ní 2021 fún ìpínlẹ̀ 19 ní àríwá pẹ̀lú FCT, ilẹ̀ tó ń gbẹ, ọ̀gbàrá àti omi ló wà fún. Bí ọ̀rọ̀ ọ̀gbàrá bá wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ yín, ẹ kàn sí wọn. Ti iná, bí ẹ bá fẹ́ kí owó ńlá wò yín, àfi kí káńsù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kó ilé ìwòsàn àti ọjà wọn jọ sínú àbá kan ṣoṣo. Mo mọ bí ìyẹn ṣe le tó láàárín alága mẹ́fà.

Ohun tí èmi ì bá ṣe bí mo bá wà nípò rẹ ni kí n tú àbá náà sí mẹ́ta. Iná ojú ọ̀nà ọjà ni kó o fi sẹ́yìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni alága fẹ́ràn jù torí aráàlú ń rí i. Ẹ má fi òpó kan nílẹ̀ àyàfi bí ẹgbẹ́ ọjà bá gbà láti máa yọ owó kékeré lára owó ṣọ́ọ̀bù fún ọdẹ àti ìtọ́jú. Ti ilé ìwòsàn, lọ wò ó bóyá wọ́ọ̀dù náà ń gba owó BHCPF, ìyẹn owó tí ìjọba àpapọ̀ yà sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú ìlera, tó ń wọ àpò ilé ìwòsàn tààrà. Àtúnṣe kéékèèké wà nínú ohun tí wọ́n lè fi ṣe, ìgbìmọ̀ ìdàgbàsókè wọ́ọ̀dù sì wà níbẹ̀ láti máa bojú tó o. Ohun tí wọ́n ti ń ná sórí epo jẹnẹrétọ̀ tẹ́lẹ̀, kí wọ́n máa fi ìdajì rẹ̀ pamọ́ lóṣooṣù fún bátìrì tí yóò kú lọ́la.

Gílóòbù sẹkitéríàtì ni kó o kọ́kọ́ gbé lọ, pẹ̀lú ojú ìwé kan péré. Kọ ọ́ síbẹ̀ pé fún ọdún mẹ́ta, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gé bójẹ́ẹ̀tì iná, pé ìdajì ohun tó bá ṣẹ́ kù jẹ́ ti ẹ̀ka iṣẹ́ fún irinṣẹ́ àti ìtọ́jú, ìdajì tó kù sì wà fún ilé tó kàn. Jẹ́ kí olórí ẹ̀ka iṣẹ́ jókòó bá ọ kọ ọ́, kí akápò fọwọ́ sí i kó tó dé ọ̀dọ̀ alága. Ṣùgbọ́n kó tó dé ibẹ̀, lọ wo ẹ̀yìn sẹkitéríàtì yín bóyá mítà wà níbẹ̀, bóyá ó ń kà. Bí kò bá sí, ìwé ìbéèrè mítà sí AEDC ni kó o kọ lọ́sẹ̀ yìí.